Obìnrin Tó Mọ Àìsàn Fàsásì

Ohun tí Fàsásì kọ́kọ́ sọ fún Ọ̀ṣunlọlá ni pé kó kúrò níwájú òun. Ọ̀ṣunlọlá kò kúrò. Ó gbé àgbo sílẹ̀, ó jókòó tì í.

Àdúgbò Bẹ̀yẹrúnkà n'Ìbàdàn ni wọ́n wà, nílé Ọ̀jẹ̀wálé, bàbá ọmọbìnrin náà, tó ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn dàrú. Ahunṣọ ni Fàsásì. Lọ́dún tí ogun àwọn òyìnbó parí, tí àjàkálẹ̀ àrùn wọ Ìbàdàn, ó sin àbúrò rẹ̀ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Láti ìgbà náà, kò rí oorun sùn, àyà rẹ̀ sì ń já lójijì. Nílé wọn, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ àwọn òkú náà létí rẹ̀. Wọ́n rò pé àánú ni.

"Kí lorúkọ wọn?" Ọ̀ṣunlọlá bi í.

Fàsásì kọjú sí ògiri.

"Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fọ̀bẹ bù ú. Ẹnu la fi ń sọ ọ́."

"Àkíbù," ló fi dáhùn. "Àti Ràbíátù."

"Ta ló máa ń pa yín lẹ́rìn-ín jù?"

Fàsásì bú sẹ́kún. Lọ́jọ́ kejì, ó tún bi í. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é láràárọ̀: bàbá ń fún un lóògùn oorun, ọmọ ń fetí sí i. Nígbà tó wá ń rí oorun sùn dáadáa, Ọ̀jẹ̀wálé ní kí wọ́n gbé òfì rẹ̀ wá. "Hun ìgbọ̀nwọ́ kan lójúmọ́," ló wí, "má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Lóṣù kẹrin, ara rẹ̀ balẹ̀. Ìfẹ́ Ọ̀ṣunlọlá sì ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn. N kò ní purọ́, ó hàn ju bó ti yẹ lọ.

Nígbà tí Fàsásì ní òun fẹ́ fi í ṣaya, Kúlúsúmù, ìyá Fàsásì, kọ̀ jálẹ̀. "Ká tiẹ̀ fi ti ẹ̀sìn sílẹ̀. Obìnrin tó rí ọ nígbà tí ò ń bá ògiri sọ̀rọ̀! Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá jà, ohun tó máa fi bú ọ nìyẹn, wọ́n á sì gbọ́ ọ dé Ọjà'ba. Fẹ́ ẹni tí kò mọ̀."

"Bí àìsàn náà bá tún dé ńkọ́, Ìyá mi? Ta ló máa mọ ohun tó yẹ kó bi mí?"

Ìyá rẹ̀ ní òun ti sọ̀rọ̀ tán.

Lọ́jọ́ tó máa relé, wọ́n wẹ̀ ẹ́ lódò, wọ́n sì jẹ́ kí omi gbé aṣọ àìsàn lọ. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti wẹ̀ kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn títí á fi délé. Bó bá wẹ̀yìn, wọ́n ní àìsàn á tẹ̀ lé e. Kúlúsúmù ṣáájú, Fàsásì tẹ̀ lé e. Ọ̀ṣunlọlá àti bàbá rẹ̀ dúró létí odò.

Fàsásì rìn díẹ̀, ó dúró.

"Ọ̀ṣunlọlá, olólùfẹ́ mi, ṣé o máa fẹ́ mi?"

Kò gbọ́ ìdáhùn. Ìbẹ̀rù mú un gan-an. Ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Ni Ọ̀ṣunlọlá bá sáré, ó kọjá lára rẹ̀, ó dúró sí iwájú.

"Ẹ má wẹ̀yìn. Èmi rèé. Mo máa fẹ́ yín."

Kúlúsúmù wò ó títí. "Bẹ́ ẹ bá jà, ṣé o ò ní bú u?"

"Mo máa bú u, Ìyá. Àmọ́ kì í ṣe ti àìsàn."

Ìyá pòṣé. Ó wo ọmọ rẹ̀, tó ń sunkún, tó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Ọ̀ṣunlọlá!" ló ké sí Ọ̀jẹ̀wálé létí odò. "Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ ká wá tọrọ rẹ̀?"