Ṣíbí Ọ̀sán

"Tẹ ẹyọ kan péré. Gbé e fún ẹni tí kò sí nínú yàrá yìí, kí ó kà á sókè sí ọ létí. Bó bá yé e, kí o wá tẹ ìyókù. Ṣé o gbọ́?"

"Mo ti gbọ́, Àǹtí."

Àǹtí yìí ni àbúrò bàbá ọmọbìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀, òun ló sì ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn náà. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ tún ẹ̀rọ kan ṣe ní yàrá ìgbẹ̀bí. Ọmọbìnrin tó fi sílẹ̀ nídìí iṣẹ́ ni gbogbo ará ilé ń pè ní Kíákíá. Orúkọ náà bá a mu. Bí àwọn ẹlòmíràn bá ń fọwọ́ láti jẹun lọ́wọ́, òun á ti máa gbé abọ́ lọ fọ̀.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò le. Oògùn ikọ́ ọmọdé tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n sì fẹ́ tẹ bébà pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú bébà náà ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Àyè ìwọ̀n nìkan ló ṣófo, wọ́n wá kọ IWON síbẹ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò ti fi ìwọ̀n tòótọ́ rọ́pò rẹ̀. Apòògùn ti sọ pé ìdajì ṣíbí ni. Kíákíá kó "ìdajì" sínú àpò tí kọ̀ǹpútà ń pè ní $1, ó sì kọ àṣẹ rẹ̀ báyìí:

sed 's/IWON/$1/'

Kò tíì gbé ọwọ́ kúrò tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́yà ni wọ́n ń pè é nílé ẹ̀kọ́, torí kò sí ẹjọ́ tí kò lè rò.

"Ṣé wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ ìjọba níbí ni? Wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù o!"

"Ó ku kí n fún ẹnì kan kà."

"Kà kí ni? Bébà ara ìgò? Jẹ́ ká lọ, jàre!"

Kíákíá wo aago, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó sì tẹ gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Kò wo ẹyọ kan nínú wọn. Ó kó wọn sórí tábìlì apòògùn, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èrò pọ̀ níbi ìgbàgbà oògùn lọ́jọ́ náà, ẹni tó ń lẹ bébà ń lẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń nawọ́ ìgò ń nawọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ráyè fara balẹ̀ wò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, olùkọ́ kọ̀ǹpútà dúró níwájú kíláàsì. "Àmì àyọlò ẹyọ kan ń ti àpò pa ni," ó ní. "Bí ẹ bá fi $1 sáàárín rẹ̀, kọ̀ǹpútà ò ní wo ohun tó wà nínú àpò. Bí ẹ ṣe kọ $1 gan-an ló máa gbé e sílẹ̀. Àmì àyọlò oníméjì ni ẹ máa lò kó tó lè tú àpò wò."

"Ó gbọ́ràn ju àwa lọ nìyẹn, sà," ọmọkùnrin kan sọ láti ẹ̀yìn.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kíákíá rántí pé ẹyọ kan lòun lò. Ohun tó wà lára àwọn ìgò náà ti wá yé e: "Ìwọ̀n: $1 ṣíbí, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́." Ta ni yóò rí i tí kò ní fojú fo àmì iwájú yẹn, kó kà á sí ṣíbí kan? Ìlọ́po méjì ohun tó yẹ ọmọdé ni.

Nígbà ìsinmi, ó sọ fún Lọ́yà.

"Ta ló máa mọ̀?" Lọ́yà dáhùn. "Apòògùn á ti fẹnu sọ fún wọn. Tún un ṣe jẹ́ẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ bá parí. Àbí o ò fẹ́ kí Àǹtí rẹ bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ mọ́?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn ún. Àǹtí ti ṣèlérí pé lẹ́yìn ìdánwò, òun yóò bẹ ọ̀gá ilé ìwòsàn kí wọ́n gbà á láti máa kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Fóònù olùkọ́ wà lórí tábìlì. Kíákíá kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò tọrọ rẹ̀ láti pe ilé ìwòsàn.

Bí wọ́n ṣe jáde nílé ẹ̀kọ́, ó sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ó fi àmì àyọlò oníméjì rọ́pò ẹyọ kan:

sed "s/IWON/$1/"

"Ìdajì ṣíbí" jáde geerege. Ó tẹ tuntun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ wọ́n bo ti àtijọ́ lára àwọn ìgò orí pẹpẹ.

"Ọmọ dáadáa," apòògùn ní. "Ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí?"

"Kò sẹ́ni, sà. Àwọn ti àná ló fẹ́ máa ṣí kúrò lára ìgò."

Irọ́ yẹn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí obìnrin aránṣọ kan já wọlé pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, okùn tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Ẹ gbà mí o! Ọmọ mi ò jí!"

Nọ́ọ̀sì gba ọmọ náà, dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í. "Kí lẹ fún un?"

"Oògùn ikọ́ tí ẹ fún mi níbí ni. Òní ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lọ́sàn-án."

"Ṣíbí kan kẹ̀?" apòògùn figbe ta. "Ìdajì ni! Ìyá, ṣé ẹ mọ̀wé kà ṣá?"

"Mo mọ̀ ọ́n kà. Ohun tí mo kà ni mo ṣe." Ó yọ ìgò oògùn náà jáde, ó gbé e súnmọ́ ojú. "Àbí ojú mi ni? Ṣé èmi ni mo ṣe ọmọ mi báyìí?"

Kíákíá kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Kì í ṣe ojú wọn, sà. Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Kíá ni apòògùn gbé fóònù, ó ń pe àwọn tó gba oògùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rán ọlọ́kadà sílé àwọn tí kò gbé ìpè. Àǹtí dé, ó gbọ́, kò pariwo. Ó na ọwọ́ nìkan, Kíákíá sì gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà lé e.

"Àmì tí o ṣì lò, ó lè ṣẹlẹ̀ sí èmi náà," Àǹtí ní. "Ìdí tí mo fi ní kó o fún ẹlòmíì kà nìyẹn. Ṣùgbọ́n a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ìwọ sùn."

Ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ ni ọmọ náà tó la ojú, tó sì ké. Gbogbo wọn mí kanlẹ̀. Kíákíá lọ kúnlẹ̀ níwájú aránṣọ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ dárí jì mí."

Obìnrin náà yíjú sí i. "Ìgbà wo lo mọ̀ pé kò dáa?"

"Láàárọ̀, mà. Nínú kíláàsì."

"Láàárọ̀." Ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà. "Ti àárọ̀, mo ti fún un kó o tó mọ̀. Mi ò bá ọ jà lórí ìyẹn, àṣìṣe ni. Ti ọ̀sán ńkọ́?"

Kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣì, ẹ̀yin ọmọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a bá ti mọ̀ tí a sì pa ẹnu mọ́, kì í ṣe àṣìṣe mọ́. Àwa la mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.