Oje Ìgbín Ọ̀sẹ̀ Kẹjọ

"Ìyá Ìgbín, àwọn ọmọ rẹ ńkọ́?" ni Agyeiwaa, ọmọ kíláàsì rẹ̀, bi í, àwọn ọ̀rẹ́ Agyeiwaa sì bú sẹ́rìn-ín. Dufie fi gíláàsì pẹlẹbẹ sábẹ́ apá, ó ń lọ sílé.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ìyá rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ tuntun ní Accra, ó sì fi í sọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀, Nana Ataa, ní abúlé kan lẹ́bàá Bekwai. Etí Nana ti di. Wọ́n lè jẹun tán láìsọ gbólóhùn kan. Nílé ẹ̀kọ́, kò sẹ́ni tó ń jókòó tì í.

Madam Pokuaa, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ló ní kó ṣe ìwádìí lórí oje ara ìgbín fún ìdíje sáyẹ́ǹsì ní Kumasi. Ìgbín méjìlá, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ní gbogbo Sátidé, Dufie á ha oje tí ìgbín fi ń rìn lára gíláàsì, á sì ha èyí tó fi ń lẹ̀ mọ́ ibi tó bá fẹ́ sùn. Á wọn méjèèjì ní tútù, á sá wọn sóòrùn, á tún wọ̀n wọ́n ní gbígbẹ. Omi ló pọ̀ jù nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n bí èyí tó ń lẹ̀ bá gbẹ, ohun tó ń ṣẹ́ kù pọ̀ ju ti èkejì lọ. Madam ṣàlàyé pé okùn tín-ín-rín tó hun mọ́ra bí àwọ̀n ló wà nínú rẹ̀, purotéènì ló sì so ó le.

Inú Dufie dùn. Ó lọ sọ ọ́ fún Nana.

"Ọsàn wẹ́wẹ́ ni kó o fi fọ̀ ọ́," ni Nana dá a lóhùn. "Á ṣí kúrò."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹfà, Agyeiwaa wá dúró ti tábìlì rẹ̀. "Dufie, wá sílé wa ní Sátidé. A fẹ́ wo fíìmù."

"Mo ní oje ìgbín tí mo fẹ́ wọ̀n."

"Ṣé ìgbín á sá lọ ni? Ṣebí nọ́ńbà kan náà lò ń kọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Fi díẹ̀ kún un, yọ díẹ̀ kúrò. Ta ló máa mọ̀?"

Dufie lọ. Wọ́n din ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n fi jẹ ẹ̀wà, orúkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ń pè é. Ní Sátidé kejì, ó tún lọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹwàá fi pé, ó ti tó oṣù kan tó ti ṣí àpótí ìgbín kẹ́yìn, àmọ́ ìwé rẹ̀ kún.

Ní Kumasi, màmá àgbàlagbà kan tó jẹ́ adájọ́ ṣí ìwé náà díẹ̀díẹ̀. "Ọmọ mi, ọ̀sẹ̀ kẹjọ bọ́ sínú ọyẹ́, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọyẹ́ ọdún yìí le. Àwọn ìgbín ilé mi ti dí ẹnu ìkarahun wọn, wọn ò rìn rárá. Níbo lo ti rí oje ìrìn ha?"

Irọ́ kan wá sí Dufie lẹ́nu, pé òun wọ́n omi sí wọn lára ni. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí Madam Pokuaa tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

"Mi ò wọ̀n ọ́n, mà. Mo kàn kọ ọ́ ni."

Madam ló fọwọ́ ara rẹ̀ kó ìwé Dufie kúrò lórí tábìlì. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé kíláàsì wọn padà, ọ̀dọ̀ awakọ̀ ni Agyeiwaa lọ jókòó sí. "Ó dójú ti gbogbo wa," ló ń sọ. "Ṣé èmi ni mo ní kó purọ́?"

Nílé, Dufie ṣí àpótí. Ìgbín mẹ́jọ ti fi awọ funfun dí ẹnu. Mẹ́rin ti kú. Ó sin wọ́n sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ó mú ìwé tuntun lọ bá Madam. "Mo fẹ́ tún un bẹ̀rẹ̀, mà."

Madam nawọ́ sí tábìlì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ìdíje ti tán. Mi ò sì tíì lè gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n wà níbẹ̀."

Dufie kọ ọ́ sójú ewé kìíní: *Ìgbín mẹ́jọ dí ẹnu. Kò sí oje ìrìn. Mẹ́rin kú. Èmi ni mi ò tọ́jú wọn.*

Ìdánìkanwà kì í ṣe ohun tó rọrùn, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí a bá torí rẹ̀ purọ́, ọjọ́ tí irọ́ bá tú ni ẹgbẹ́ náà ń tú. Oṣù méjì gbáko ni Dufie fi dá wọn oje ìgbín kí ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì tó tún bá a sọ̀rọ̀. Gbogbo nọ́ńbà tó kọ láàárín oṣù méjì náà, òótọ́ ni.