Ẹ̀wù tí Télọ̀ Rán fún Aláàmù

Ládùúgbò wa, kì í ṣe àkùkọ ló ń jí wa láàárọ̀. Ọkọ̀ ìyàwó télọ̀ ni. Bí aago méje bá ti ń lù, aláàmù rẹ̀ á kàn figbe ta láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ariwo á gba gbogbo òpópónà. Nígbà àkọ́kọ́, gbogbo wa sáré jáde pé olè dé. Nígbà tó fi máa pé oṣù méjì, kò sẹ́ni tó ń yọjú mọ́. Ká ní olè wá nígbà yẹn, a ò bá kí i kú iṣẹ́ ni.

Agbẹ̀bí ni ìyàwó télọ̀. Ọkọ̀ náà ti lé lógún ọdún, ṣùgbọ́n òun ló fi ń sáré lọ bá àwọn aláboyún tó bá ń rọbí.

Ojú ń ti télọ̀ nítorí ariwo náà. Ọlọ́gbọ́n ọwọ́ sì ni, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi tépù ìwọ̀n rẹ̀ wọn fèrè aláàmù bí ẹni ń wọn ọrùn oníbàárà, ó wá rán ẹ̀wù fún un: aṣọ ìlọ́po mẹ́ta, fóòmù láàárín, bọ́tìnnì mẹ́rin níwájú. Ó bá a mu rẹ́gí. Igbe di ìkùnsínú. A pàtẹ́wọ́ fún un, èmi gan-an wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, wọ́n pe agbẹ̀bí pé obìnrin kan ti ń rọbí. Ó gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀ sọ́kọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ ò dáhùn. Aláàmù ń kùn nínú ẹ̀wù, ọkọ̀ sì dúró gbọnin. Alùpùpù kan tó ń kọjá ló gbé e débẹ̀. Orí ọmọ ti yọ kó tó wọlé.

Nígbà tó padà délé, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ ọkọ rẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, bí alùpùpù yẹn ò bá kọjá ńkọ́?"

Télọ̀ dìde. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó jáde. "Mo máa gé gbogbo wáyà aláàmù burúkú yìí lónìí!"

Bó ṣe nawọ́ sí wáyà ni rewáyà tí ìyàwó rẹ̀ ti ránṣẹ́ pè dé. Obìnrin ni, irun rẹ̀ ti ń funfun, àtìgbà ọmọge ló sì ti ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Má-Tíì-Gé-E la máa ń pè é, torí ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gé e! Wáyà tẹ́ ẹ dì mú yẹn, inú rẹ̀ ni iná tó ń jí ọkọ̀ ń gbà kọjá. Tẹ́ ẹ bá gé e, ọkọ̀ yìí ò ní jí mọ́."

"Kí ni ká wá ṣe?"

"Ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é. Àbí ẹ máa ń gé aṣọ kẹ́ ẹ tó wọn oníbàárà ni?"

Gbogbo wa tá a péjọ síbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, télọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Má-Tíì-Gé-E wá ń ṣí bọ́tìnnì ẹ̀wù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Apá tó kọjú sí ẹ́ńjìnnì ti jó dúdú, ihò kan ti wọ inú fóòmù.

"Ìránṣọ yín dáa o, mi ò lè purọ́. Àmọ́ díẹ̀ ló kù kó gbiná, kí ìyàwó yín sì wà nínú ọkọ̀."

Ẹ̀rín wa gbẹ. Èmi tí mo pàtẹ́wọ́, ilẹ̀ ni mò ń wò.

Mo ti rí oníṣẹ́ o, n ò tíì rí irú obìnrin yìí. Bátìrì ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí bátìrì tó bá ti rẹ̀ máa ń mú kí aláàmù ké lásán. Bátìrì dáa. Ó yẹ àwọn bọ́tìnnì kéékèèké ẹnu ilẹ̀kùn àti ti bọ́nẹ́ẹ̀tì wò, àwọn tó ń sọ fún aláàmù pé ibẹ̀ ti pa dé. Ti bọ́nẹ́ẹ̀tì ti dógùn-ún. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó ní ká dúró dọ̀la.

Lọ́jọ́ kejì, aago méje, igbe tún ta. Má-Tíì-Gé-E ò fajú ro rárá.

"Ó dáa. A ti mọ ibi tí kì í ṣe."

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní. Ó tú abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fa ọpọlọ aláàmù jáde, omi sì kán sílẹ̀ lára rẹ̀. Ìrì àárọ̀ ló ń gba etí gíláàsì iwájú wọlé, tó ń kán sí i lórí. Ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, òun náà ni kì í sì í jẹ́ kí ọkọ̀ jí.

Má-Tíì-Gé-E dí ibi tó ń jò ná. Ó tú orí bátìrì kí iná má bàa wà lára wáyà. Kó tó tú wáyà kankan, ó lẹ tépù funfun mọ́ ọn, ó kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí i lára: ilẹ̀kùn, fèrè, ìjí ọkọ̀.

"Gbogbo ọdún tẹ́ ẹ ti ń ṣe é yìí, ẹ ṣì ń kọ ọ́?" Èmi ni mo bi í.

"Ẹni tó máa tún un ṣe lẹ́yìn mi ni mò ń kọ ọ́ fún."

Orí mi wú. Ó fi aláàmù tuntun sí i pẹ̀lú fíúsì tirẹ̀, ó gbé fèrè jìnnà sí ooru ẹ́ńjìnnì, ó dorí ẹnu rẹ̀ kodò kí omi má bàa dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní kí agbẹ̀bí fọwọ́ ara rẹ̀ dán gbogbo ilẹ̀kùn wò, kó sì jí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìpè tún dé. Agbẹ̀bí yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti lọ. Òun ló kí ọmọ náà káàbọ̀ sáyé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ àgbà, bí aláàmù yín bá ń ké lásán, ẹ má dì í lẹ́nu, ẹ má sì gé e. Ẹ kíyè sí ìgbà tó ń ké, kẹ́ ẹ sọ fún ẹni tó mọṣẹ́. Bátìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ẹnu ilẹ̀kùn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ rí i pé ó ní fíúsì, kẹ́ ẹ má sì kó aṣọ tàbí fóòmù sítòsí ẹ́ńjìnnì láéláé.

Télọ̀ fi ẹ̀wù náà kọ́ ara ògiri ìsọ̀ rẹ̀, ihò dúdú yẹn ló kọjú síta. Bí oníbàárà bá bi í léèrè ohun tó ṣe é, á kọ́kọ́ gbé àlùmọ́gàjí rẹ̀ sílẹ̀ kó tó dáhùn.