Igbá Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Tí Múmíní Dà Nù

Kẹ́ẹ̀gì ló so wọ́n pọ̀. Ọjọ́bọ̀ kan ni, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Abdulmumin, tí gbogbo Ọjà'ba ń pè ní Múmíní, jókòó ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Oríta-mẹ́rin, láàárín kẹ́ẹ̀gì àlòkù àti bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń tẹ fóònù. Ọmọbìnrin kan dúró níwájú rẹ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì kan, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó sì ki imú bọ̀ ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òróró ti wà nínú eléyìí rí?"

"Rárá o, àǹtí. Omi nìkan ni. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ọtí ni. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Bí òróró bá kàn án péré, kò ní hó dáadáa mọ́."

Ó sọ ọ́ gbangba, bí ẹni tó ń sọ pé ẹ̀wà lòun ń tà. Ifábùkọ́lá lorúkọ rẹ̀, ọmọ Bàbá Fákáyọ̀dé ní Bẹyẹrúnkà, ilé tí wọ́n ti ń fi ọkà pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fún ọdún Ọ̀ṣun láti ayé baba ńlá wọn.

Ẹ wò ó, mi ò ní tàn yín. Ká ní Múmíní ta kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kó sì dákẹ́ ni, wàhálà kankan ì bá má sí. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà rẹwà, ẹnu sì ń yún Múmíní.

"Ní ìlú Jámánì," ló wí, "bí wọ́n bá fẹ́ kan ife ọtí pọ̀, ojú ara wọn ni wọ́n gbọ́dọ̀ wò. Ẹni tó bá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti rí ẹnì kejì fín nìyẹn."

Bùkọ́lá gbójú sókè, ó wò ó. "Lóòótọ́?"

"Lóòótọ́ ni. Ní Jàpáànì ẹ̀wẹ̀, èèyàn kì í bu ọtí fún ara rẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í ló máa bù ú fún un."

"Ìyẹn mà dáa o! Ní tiwa, ẹni tó gbé ọtí wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Níbo lẹ ti mọ gbogbo èyí?"

Múmíní rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sọ pé òun dé ibẹ̀, kò sì sọ pé òun ò dé ibẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò kọjá Ìlọrin rí láyé ẹ̀, inú fóònù ló ti kà á. Òótọ́ kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ: láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i, ọtí kò kan ahọ́n rẹ̀ rí. Ọmọ Alhaja Ràbíátù ni, ilé àwọn aláṣọ ní Ọjà'ba, àwọn tó jẹ́ pé orúkọ ọtí gan-an, wọn kì í dá a nínú ilé. Ẹ ò rí ayé bí? Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ ló ń kọ́ ẹja bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé sí wọn lára nìyẹn. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Bùkọ́lá ń wá sí ìsọ̀, Múmíní a sì ti ka ìlú tuntun sílẹ̀ dè é. Ó sọ fún un pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í dá ọtí rà mu. Bí ẹnì kan bá ra ti gbogbo ẹgbẹ́ lónìí, ó di dandan kí ẹlòmíì rà á tẹ̀ lé e. Ó sọ fún un pé ní Gúúsù Áfíríkà, obìnrin ló ń fi ọkà pọn tiwọn náà. Inú Bùkọ́lá dùn sí ìyẹn jù.

"Ṣé ẹ rí i? Mo ní ọmọ ìyá níbẹ̀!"

"O ní ọkọ níbí," ni Múmíní wí. Bùkọ́lá fi ọwọ́ bojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni Múmíní ti ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́, oríkì tí ìyá àgbà rẹ̀ nìkan fi ń pè é tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ni Àbẹ̀kẹ́ ń gbé ìgò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kan wá fún un. "Màá mu ún tí mo bá délé, olólùfẹ́ mi," ni Múmíní máa ń wí, "èmi kì í mutí lọ́sàn-án." Tó bá ń relé, á yà sí ẹ̀yìn Mápó, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á sì da gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà. Abẹ́ ibùsùn ni ìgò òfìfo ń wà títí Ọjọ́bọ̀ míì á fi dé.

"Ṣé ó dùn?" ni Àbẹ̀kẹ́ á bi í.

"Háà! Ó ju ti àwọn ará Jámánì lọ!"

Ojú ń tì í tó bá sọ bẹ́ẹ̀. Ojú ń tì í gan-an ni. Ṣùgbọ́n irọ́ tó ti pé oṣù kan, ó ṣòro láti jẹ́wọ́.

Nílé ńkọ́? Alhaja Ràbíátù bi í pé kí ni ọmọ tó ń fẹ́ ní Bẹyẹrúnkà ń ṣe. Múmíní wo ojú ìyá rẹ̀, ó wo tẹ̀sùbáà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ògì ló ń tà, Màmá." Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọkà ṣáà ni ògì, ọkà náà sì ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, irọ́ òun kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà. Ọkùnrin yìí ṣá!

Nígbà tó tó àkókò kí Múmíní wá fojú han àwọn ará ilé Bàbá Fákáyọ̀dé, Àbẹ̀kẹ́ wá bá a ní ìsọ̀.

"Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọ. Ní ilé wa, bí wọ́n bá gbé igbá fún ọ..."

"Àbẹ̀kẹ́! Èmi lo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé igbá ọtí? Èmi tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń mu ún ní Pérù!"

"Báwo ni wọ́n ṣe ń mu ún ní Pérù?"

"Ife kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò. Bí o bá mu tìẹ, wàá gbọn ìfóòfó tó kù sílẹ̀, kí o tó gbé ife fún ẹnì kejì."

Àbẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín títí, kò rántí parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Múmíní lọ, òun àti Mikail ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá Fákáyọ̀dé àti Ìyá Àgbà. Wọ́n fi ẹní lélẹ̀ fún wọn. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló gbé igbá wá, ó tọ́ ọ wò, ó sì nà án sí Múmíní.

"Ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́ nìyí, ọmọ mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ṣe é nítorí rẹ."

Òórùn kíkan náà lọ tààrà sí imú Múmíní. Ó gbé igbá dé ẹnu, ètè rẹ̀ tutù. Ó rántí bàbá rẹ̀ tó ti kú, tó máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ sí mọ́sáláṣí. Kò lè mu ún. Gbogbo ilé ń wò ó. Gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ, pé, "Ẹ má bínú, èmi kì í mutí." Ṣùgbọ́n Pérù ló sọ sí i lọ́kàn.

"Ní Pérù," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín tí kò dé inú, "báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é." Ó dojú igbá délẹ̀. Kì í ṣe ìfóòfó. Gbogbo ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ náà pátá ni.

Ilẹ̀ mu díẹ̀, ìyókù ṣàn dé ibi ẹsẹ̀ Àbẹ̀kẹ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lo ṣe yẹn?" ni Bàbá Fákáyọ̀dé bi í.

"Bàbá, bí wọ́n ṣe ń..."

"Bẹyẹrúnkà lo wà. Ní ilé yìí, ọtí tí ọmọ wa bá pọn fún ẹni tó ń fẹ́ ẹ, kì í fojú kan ilẹ̀. Ẹni tó bá dà á nù, ọmọ náà ló dà nù. A ti gbọ́ ohun tí o wí. Ẹ máa lọ."

Múmíní wo Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ kò sunkún, ilẹ̀ tó tutù yẹn ló ń wò. Ojú ti Múmíní débi pé bí ilẹ̀ bá lanu, wíwọ̀ ni ì bá wọ̀ ọ́. Bàtà rẹ̀ kan ló wọ̀ jáde, Mikail ló bá a mú èkejì.

"Kí ló dé tí o ò kàn sọ pé o kì í mu?" ni Mikail bi í nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ Mápó. Gọ́tà tó máa ń da ọtí sí ni Múmíní ń wò.

Bó ṣe wọ yàrá rẹ̀, Alhaja Ràbíátù ló bá lórí ibùsùn. Ìgò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ wà níwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀.

"Ó ti lé lóṣù mẹ́ta tí mo ti ń rí i lábẹ́ ibùsùn rẹ," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mò ń gbóòórùn rẹ̀ lára aṣọ rẹ. Mi ò lè bi ọ́, ojú ń tì mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá forí kanlẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni mò ń tọrọ, kí Ọlọ́run gba ọmọ mi lọ́wọ́ ọtí. Wọ́n ti ń sọ ọ́ ládùúgbò, Múmíní. Wọ́n ní ọmọ Alhaja ti di ọ̀mùtí."

Múmíní dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì ka gbogbo rẹ̀ láti orí kẹ́ẹ̀gì títí dé orí Pérù. Ó ń sunkún bí ọmọdé.

"O ò tọ́ ọ wò rí?"

"Mo fi Ọlọ́run búra, Màmá. Mi ò tọ́ ọ wò rí, kódà lẹ́ẹ̀kan."

"Alhamdulillahi!" Alhaja Ràbíátù fi ìborí nu ojú. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ le. "Ṣé gọ́tà wá lo ń da iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ sí? O sì sọ fún èmi pé ògì ló ń tà? Mi ò fẹ́ràn ọtí, mi ò sì ní fẹ́ràn ẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n irọ́ ni o kó wọ ilé mi, ìyẹn burú ju ìgò yìí lọ. Dìde. Lọ́la, èmi pẹ̀lú rẹ ni a ó jọ lọ bẹ̀ wọ́n."

Lọ́jọ́ kejì, Múmíní dọ̀bálẹ̀ sí ojú ibi tó da ọtí sí gan-an. Ó jẹ́wọ́ pé òun ò mutí rí, pé òun ò dé Jámánì, òun ò dé ibì kankan. Ó sì jẹ́wọ́ ti gọ́tà náà.

"Ìgò mẹ́rìnlá," ni Àbẹ̀kẹ́ wí jẹ́jẹ́ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ti ń kà á.

Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ní kí o mu ún? Ọkọ àbúrò mi, Mùsùlùmí pọ́ńbélé ni! Omi tútù la bù sínú igbá fún un, ó mu ún, ó sì gbé ìyàwó rẹ̀ lọ. O kàn lanu sọ ọ́ ni!"

Ẹ̀rín náà dun Múmíní ju ẹgba lọ. Ohun tó ti ń bà á lẹ́rù láti oṣù mẹ́ta, omi tútù ni.

Àbẹ̀kẹ́ ò rẹ́rìn-ín. "Nígbà tí wọ́n bi ọ́ nílé yín," ló wí, "kí lo sọ pé mò ń ṣe?"

Múmíní wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò gbà á sílẹ̀. "Ògì," ló wí.

"Ògì. Èmi ń sọ orúkọ rẹ káàkiri ilé yìí, ìwọ ń fi mí pamọ́. Ọtí tí o dà nù ò dùn mí tó ìyẹn, Múmíní. Ọkà wà lọ́jà. Ṣé ohun ìtìjú ni mo jẹ́ fún ọ?"

"Èmi ni ohun ìtìjú," ni Múmíní dáhùn, kò lè gbójú sókè. "Ẹnu nìkan ni mo ní, Àbẹ̀kẹ́. Mo rò pé bí mo bá ní mi ò mu, o ò ní rí nǹkan kan bá mi sọ mọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Bí o bá ní kí n máa lọ, màá lọ."

Alhaja Ràbíátù dá sí i. "Bàbá, Ìyá, ọtí ò ní wọ ilé mi. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ kí n má baà parọ́ bíi ti ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá ṣì fẹ́ ẹ, kó máa pọn ọtí rẹ̀ níbí, kó máa padà wálé sọ́dọ̀ wa. Bí wọ́n bá sì bi mí l'Ọ́jà'ba, màá sọ pé ọlọ́tí ni ìyàwó ọmọ mi."

Àbẹ̀kẹ́ wọlé. Ó pẹ́ kó tó jáde. Igbá tó gbé bọ̀, kì í ṣe ti àná. Èyí tóbi jù ú lọ dáadáa, omi sì kún un dẹ́nu.

"Mu ún," ló wí.

Múmíní gbé e. Ó mu, ó mí, ó tún mu. Omi ń kán sí àgbọ̀n rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbà á kó má baà kan ilẹ̀. Nígbà tó yá, ikùn rẹ̀ kò gbà á mọ́, omi sì ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ igbá. Bàbá Fákáyọ̀dé ń wo ilẹ̀. Gbogbo wọn ló ń wo ilẹ̀.

"Ní..." ni Múmíní bẹ̀rẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Ó na igbá náà sí Àbẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Mi ò lè mu ún tán. Jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é nílé yín?"

Ojú Àbẹ̀kẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kún fún omijé. "Ṣé o wá ń béèrè báyìí?"

Ó gba igbá náà, ó wo Múmíní lójú, ó mu gbogbo ìyókù, ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ̀kán kan kò bọ́.

"Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn," ni Ìyá Àgbà wí. "Àwọn méjèèjì ló ń mu ún tán."

Ojú ṣì ń ti Múmíní o, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n kò wo ilẹ̀ mọ́, ojú Àbẹ̀kẹ́ ló ń wò.