Ẹni Tó Dáhùn sí Kẹ́hìndé

Ní ọjọ́ kẹta tí àbúrò mi Rosalie bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà, ó bu oúnjẹ ọ̀sán sínú abọ́ mẹ́rin. Mẹ́ta péré ni wá nínú ilé: èmi, òun, àti ìyá wa Ọ̀ṣuntókun. Mo bi í pé ta ló ni ìkẹrin. Ó wo abọ́ náà títí.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀. Mo kà wá ni."

Ọdún 1936 ni, ní Ìfọ̀nyìn, lábẹ́ ìjọba Faransé. Rosalie jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé àwọn sísítà ìjọ Kátólíìkì ní Àjàṣẹ́ dé. Félicité ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló yá a ní ìwé náà, ìtàn àròsọ Faransé kan tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Ó sọ nípa ìlú kan tí ìjọba ibẹ̀ máa ń ka ènìyàn ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá lé lórí iye tí wọ́n fẹ́, wọn a mú un lọ sẹ́yìn odi, àwọn ará ilé rẹ̀ a sì gbàgbé rẹ̀. Bí ẹnìkan bá jẹ́ ìpè lórúkọ ẹlòmíràn, ẹlòmíràn náà ni yóò máa jẹ́ títí láé.

"Ìyá kan wà nínú rẹ̀ tó bí ìbejì," Rosalie sọ fún mi. "Lójú ewé kan, àwọn méjèèjì ń jẹun. Lójú ewé kejì, ọ̀kan ni. Mo padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò mọ èyí tó ṣẹ́ kù. Ṣé àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣe àṣìṣe ni, àbí èmi?"

"Pa á dé, kó o sinmi."

"Mo pa á dé lánàá. Ìtàn náà kò dúró."

Ìbejì ni òun náà. Kẹ́hìndé ni. Táyé, obìnrin bíi tirẹ̀, kú nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nílé wa, a kì í sọ pé ìbejì kú. A máa ń sọ pé ó lọ ṣẹ́gi nínú igbó, torí ẹni tó bá sọ ikú yẹn síta ti ń pe èkejì pé kó máa bọ̀. Ère kékeré kan ló dúró fún Táyé, ìyá wa a sì máa há a mọ́ ìbàdí. Nítorí náà, nígbà tí Augustin, akọ̀wé ìjọba, wá kọ orúkọ àwọn ará ilé, ọmọ mẹ́ta ni ìyá wa kà fún un, ó ní Táyé lọ ṣẹ́gi, kò ṣẹ́jú.

Lẹ́yìn oṣù kan, Augustin padà wá. Ó ní kọ̀mándà, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso agbègbè wa, ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, gbogbo ẹni tó wà nínú ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpè lójúde ọjà. Ilé tí ẹnìkan bá ti dín, wọ́n á mú ọkùnrin ilé lọ ṣe iṣẹ́ tipátipá lójú ọ̀nà, ọdún méjì gbáko. Bàbá wa ti kú. Èmi ni ọkùnrin ilé.

"Táyé yìí ńkọ́?" Augustin bi wá.

"Ó lọ ṣẹ́gi," ni ìyá wa wí.

Augustin rẹ́rìn-ín. "Ìyá, igi tó ń ṣẹ́ láti oṣù tó kọjá! Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ló fẹ́ fi kọ́ ni?"

Nígbà tó lọ, mo bẹ ìyá wa pé kó sọ òtítọ́ fún kọ̀mándà. Ó di ìbàdí rẹ̀ mú.

"Raphaël, ṣé kí n fi ẹnu ara mi pa Kẹ́hìndé nítorí tìrẹ ni?"

Rosalie ló sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, ìwé lórí itan rẹ̀. Ó ní òun á jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì: òun á kọ́kọ́ jẹ́ ti Táyé, òun á wá yọ́ lọ sẹ́yìn àwọn obìnrin láti jẹ́ tòun.

"Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn nínú ìwé," ó wí. "Àbí mi ò tíì débẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ó ti ń dà rú mọ́ mi lójú."

Ní Ọjọ́bọ̀, oòrùn mú. Mo jẹ́ orúkọ mi. Augustin pe Táyé.

"Présente," Rosalie wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ìpè ní Faransé.

"Kẹ́hìndé!"

Rosalie kò tíì kúrò lójú kan. Ó ti fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ó ń wò mí.

"Présente."

Ohùn Rosalie ni. Ẹ̀yìn àwọn obìnrin ló ti wá. Augustin fàlà sí orúkọ náà láìgbójú sókè. Mo sáré lọ wo ibẹ̀. Kò sẹ́nìkan, àfi ìdì igi tútù kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì.

Bí a ṣe ń lọ sílé, ìyá wa ń kọrin níwájú. Kò sí ère ní ìbàdí rẹ̀ mọ́, kò sì wá a. Mo pe Rosalie lẹ́ẹ̀mejì, ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò dáhùn. Nígbà tí a délé, ó mú ìwé náà, ó dorí rẹ̀ kodò, ó fi ìka tọ́ka sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Má fi mí ṣeré."

Kò ṣeré. Ojú rẹ̀ mọ́ bí ojú ọmọdé tí kò tíì wọ ilé ìwé rí. Mo mú ẹfun, mo kọ A sára ògiri. Ó pè é tẹ̀ lé mi, inú rẹ̀ dùn.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn ilé. Ẹnìkan ń ka Faransé sókè, ketekete, ó ń dúró níbi tó yẹ kó dúró, bí àwọn sísítà ṣe kọ́ Rosalie. Ó kà á títí ojú ewé fi tán, ó wá pe orúkọ mi.

Mo mọ ohùn náà, ohùn Rosalie ni, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ ìpè náà. Mo kọ B.