Ìbẹ́pẹ Kẹta

"Gbò!"

Ìbọn ṣakabùlà Mátíù dún, ìbẹ́pẹ tí wọ́n so rọ̀ sára igi igbá sì fọ́ yángá. Kóró inú rẹ̀ fọ́n ká ilẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já.

"Ọ̀kan rèé!" Bàbá Kareem, Olúọdẹ, ló kígbe bẹ́ẹ̀. "Ó ku méjì!"

Inú Ìmísí dùn débi pé ó fò sókè. Òun ló ki ìbọn náà fún Mátíù, bàbá rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni, àwọn ọdẹ sì ti pé jọ sí pápá kan lẹ́yìn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ láti dán ìbọn wọn wò kí wọ́n tó wọ igbó ẹ̀ẹ̀rùn. Ọkọ̀ ẹgbẹ́ ọdẹ ló gbé Ìmísí àti bàbá rẹ̀ wá láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Zulaikha, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní SS2, bá wọn wá, nítorí kò sí ibi tí èrò pé sí tí fóònù Zulaikha kì í dé.

Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni Mátíù. Lẹ́yìn àdúrà, ohun kan tó tún gbẹ́kẹ̀ lé ni ìwọ̀n. Ojú rẹ̀ ń rí ọ̀nà jíjìn dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tó bá wà nítòsí ti ń ṣe é bàìbàì, ìyẹn ló fi kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìbọn kíkì. Ìkarahun ìgbín kékeré kan ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù. Ìmísí a bù ú, a fi ìka rẹ́ orí rẹ̀ kó bá etí ìkarahun dọ́gba, kò ní lé, kò ní dín. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀, bí ikùn kálukú ṣe mọ iye iyán tó lè gbà.

Ohun tí Ìmísí ń wá lọ́jọ́ náà ni kí wọ́n gba òun sí ẹgbẹ́ ọdẹ. Kò tíì sí ọmọbìnrin kankan nínú ẹgbẹ́ náà rí. Bàbá Kareem kò kọ̀, kò sì gbà. Ohun tó sọ ni pé, "Kí bàbá rẹ yin ìbọn mẹ́ta tí ìwọ fúnra rẹ bá kì. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ba ìbẹ́pẹ, o ti di ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn."

Ìbẹ́pẹ kejì náà fọ́. Ẹsẹ̀ Ìmísí kò balẹ̀ mọ́.

Ìgbà náà ni ó kan Mùílì, ọdẹ kan tó fẹ́ràn àṣehàn bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súìtì. Ìbọn rẹ̀ dún gbàù! Ewúrẹ́ kan já okùn, ó sá lọ. Mùílì kò ba ìbẹ́pẹ, kò tilẹ̀ ba ewé, síbẹ̀ àwọn èrò pàtẹ́wọ́ fún un títí.

Zulaikha fà mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ìmísí, wò ó, fídíò tiyín yìí ò dùn rárá. Ìbọn yín kàn ń ṣe 'gbò' bí ẹni tó ń wúkọ́. Ti Mùílì nìkan làwọn ará kíláàsì wa máa wò."

"Ṣebí àwa la fọ́ ìbẹ́pẹ?"

"Ta ló ń wo ìbẹ́pẹ? Fi ẹ̀tù díẹ̀ kún un jàre. Díẹ̀ péré!"

Ìmísí rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Ó rántí àwọn ọmọkùnrin tó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé "Màmá Ọlọ́dẹ". Ó da ẹ̀tù ìkarahun kan sí ìbọn. Ó wẹ̀yìn wò. Bàbá rẹ̀ ń kí àwọn èèyàn lọ́wọ́. Ó bá tún da ìkarahun kejì lé e.

"Ṣé o rẹ́ ẹ dọ́gba?" Mátíù bi í, ó na ọwọ́ gba ìbọn.

"Ó dọ́gba, bàbá mi."

Ariwo tí ìbọn náà pa, Mùílì pàápàá di etí. Ìdí ìbọn gbá Mátíù léjìká, ó fìdí jókòó sílẹ̀ gbì! Ìbẹ́pẹ kẹta kò mì. Ọta ti gba òkè rẹ̀ kọjá, ó wọ inú ihò igi igbá. Lẹ́yìn náà ni igi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Oyin o! Ẹ sá o!"

Ẹ wo àwọn akọni tí ń wo ẹfọ̀n lójú! Mùílì ju fìlà nù, ó já sínú oko gbágùúdá. Bàbá Kareem, àgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ya àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ lórí eré. Zulaikha fi híjáàbù bo ojú, ó ń sá, ó ń rẹ́rìn-ín, fóònù rẹ̀ sì ń ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tún kóra jọ lábẹ́ igi máńgòrò kan lókèèrè, ẹ̀rín ń pa gbogbo wọn. Ètè òkè Bàbá Kareem ti wú. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Mátíù, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mátíù wo ọmọ rẹ̀. Èjìká rẹ̀ ti sọ òtítọ́ fún un. "Ọwọ́ mi ló gbọ̀n, Bàbá. Ẹ̀bi ọmọ kọ́."

"Ó dáa. Bó bá jẹ́ ọwọ́ rẹ ló gbọ̀n, ọmọ ti yege, a gbà á. Ṣùgbọ́n ìwọ, o ò ní ṣáájú wa mọ́ nínú igbó. Ẹ̀yìn ni wàá máa wà."

Mátíù kàn tẹrí ba. Ohun tí Ìmísí ń wá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, kó ṣáà ti dákẹ́ ni. Ó wo bàbá rẹ̀ tó ń fọwọ́ pa èjìká, ojú tì í, àánú bàbá rẹ̀ sì ṣe é. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ dákun, ẹ̀yin bàbá mi. Ọwọ́ bàbá mi ò gbọ̀n. Èmi ni mo ki ẹ̀tù ní ìlọ́po méjì, torí ariwo. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo tún purọ́."

"Ṣé o mọ̀ pé ìbọn náà ì bá fọ́ mọ́ bàbá rẹ lójú?" Bàbá Kareem bi í.

Ìmísí bú sẹ́kún. "Mo ti mọ̀ báyìí, bàbá."

"Àṣejù ni baba àṣetẹ́. A ò ní gbà ọ́ lọ́dún yìí." Síbẹ̀, Bàbá Kareem gbé ìbọn tirẹ̀ kúrò léjìká, ó nà án sí i. "Gbà, bá mi ki ìbọn yìí."

Mùílì la ẹnu sílẹ̀. "Bàbá! Ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìbọn yẹn rí!"

"Mo mọ̀. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ki ìbọn pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó máa jẹ́wọ́ fún mi pé òun ṣì í kì ni mi ò tíì rí."

Ìmísí nu ojú. "Kí ni ìwọ̀n tirẹ̀, bàbá?"

Bàbá Kareem rẹ́rìn-ín wàyí, pẹ̀lú ètè wíwú, ó sì fi ìwọ̀n rẹ̀ hàn án. Wọ́n so ìbẹ́pẹ mìíràn mọ́ igi tí kò lóyin. Bàbá Kareem yin ìbọn náà, ìbẹ́pẹ fọ́ yángá. Mátíù gbàgbé èjìká tó ń dùn ún, ó gbé ọmọ rẹ̀ sókè, ó ń jó. Zulaikha kò tilẹ̀ ká ìyẹn sílẹ̀, àtẹ́wọ́ ló ń pa.

Fídíò àwọn ọdẹ tó ń sá fún oyin ni gbogbo ilé ìwé wò. Wọ́n fi Ìmísí rẹ́rìn-ín títí, òun náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àtẹ́wọ́ èrò kì í pa ẹran. Kò sí ẹni tí kì í ṣi nǹkan ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́wọ́ kí ìyà má baà jẹ aláìṣẹ̀ ni àgbà lè gbé ìbọn rẹ̀ lé lọ́wọ́, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.