Òkú Inú Fíìmù

“Ẹ pa fóònù yín o! N kò ní kí ẹ fi í sábẹ́ itan, mo ní kí ẹ pa á pátápátá!”

Olúdáre ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé fíìmù wa ní Ìkọ̀lé, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan. Tíṣà ni Olúdáre, òun ló sì ṣe fíìmù tí a fẹ́ wò lọ́jọ́ náà. Ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí ni ilé yẹn tẹ́lẹ̀, òórùn kòkó kò sì tíì kúrò lára ògiri rẹ̀ tán. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú ló tún un ṣe, wọ́n to àga sí i, wọ́n sì ta aṣọ funfun ńlá kan síwájú. Èmi Rónkẹ́, aránṣọ, ni mo rán aṣọ tí àwọn òṣèré wọ̀, nítorí náà mo wà níbẹ̀, ojú mi ló sì ṣe.

Gbogbo wa pa fóònù wa. Irọ́ ni mo pa, kì í ṣe gbogbo wa. Ṣé ẹ mọ irú èèyàn tí a ní? Fíìmù kò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa tí ọkùnrin kan lápá ọ̀tún mi ti gbé ìpè, tó ń lọgun pé, “Mo wà ní sinimá! Mo ní sinimá!” bí ẹni pé wọ́n fi í joyè níbẹ̀. Olúdáre ní kó lọ gbọ́ ìpè rẹ̀ níta. Ó jáde, kò sì padà wọlé mọ́. Kò sẹ́ni tó wá a.

Ṣùgbọ́n kékeré ni ti ọkùnrin yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìfẹ́dayọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó ku ọdún kan kó jáde ilé ìwé girama. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ra fóònù tuntun fún un, láti ọjọ́ náà ni a kò ti gbádùn mọ́. Kò lè jẹ iyán kó má kọ́kọ́ yà á. Wọ́n ń gbàdúrà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ya ara rẹ̀ pẹ̀lú ojú tó dì. Ohun gbogbo ló ń gbé sórí státọ́ọ̀sì Wásáàpù rẹ̀, á wá jókòó tì í, á máa wo ẹni tó ṣí i àti ẹni tí kò ṣí i. Níwájú mi gan-an ló jókòó sí lọ́jọ́ náà, òun àti Gift ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó pa ìró fóònù náà lóòótọ́, kí Olúdáre má baà gbọ́. Fóònù fúnra rẹ̀ ni kò pa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọjọ́ náà fi ṣe pàtàkì. Màmúdù ni olórí òṣèré nínú fíìmù náà. Ọmọ Ìtapàjí ni, ó ń gbé lọ́dọ̀ Àfáà Bàsítì ní Ìkọ̀lé, ó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Ìyá rẹ̀, opó tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò fẹ́ràn eré ṣíṣe rárá. Ó ti sọ fún un pé, “N ó jẹ́ kí o ṣe eléyìí. Bí a bá rí wàhálà kankan níbẹ̀, uṣẹ́ rẹ ni kí o gbájú mọ́.” Bẹ́ẹ̀ sì ni obìnrin kan tó ń ṣe fíìmù ní Adó, Àǹtí Ọláṣùmbọ̀, ti wá wo Màmúdù lọ́jọ́ náà. Ó ń wá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa fi ṣe olórí òṣèré nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ti sọ fún Olúdáre lójú mi pé:

“Mo gbọ́ pé ọmọ yín sọ ọ̀rọ̀ kan níparí fíìmù. Mo fẹ́ bá ará ìlú wò ó. Bí gbogbo ilé bá dákẹ́ nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ yẹn, mo ti rí ẹni tí mò ń wá.”

Ìyẹn nìkan ni. Kí a jókòó, kí a dákẹ́, kí a wòran. Ohun tí ọmọ ọwọ́ tó bá ti yó lè ṣe.

Nínú fíìmù náà, ọmọ kan àti bàbá rẹ̀ jà, ọmọ sì bínú kúrò nílé. Bàbá sùn, ó lá àlá pé ọmọ òun kú sínú omi ìdídò Ìtapàjí, odò tí ìjọba sé. Nínú àlá yẹn, wọ́n gbé òkú ọmọ wá, wọ́n fi aṣọ funfun wé e, bàbá sì ṣí ojú rẹ̀ wò. Èmi ni mo gé aṣọ funfun náà. Olúdáre fẹ́ kó jọ òótọ́, nítorí náà Àfáà Bàsítì fúnra rẹ̀, tó máa ń sin òkú ní àdúgbò wa, ló kírun sí i lára, àwọn ará mọ́sálásí tó máa ń bá a gbé òkú náà ló sì dúró tì í. A kò sọ èyí fún ìyá Màmúdù. Ìyá wo ló máa fẹ́ gbọ́ pé wọ́n wé ọmọ òun láṣọ òkú, kódà kó jẹ́ eré?

Bí ojú Màmúdù ṣe hàn láàárín aṣọ funfun yẹn báyìí, ni iná fóònù Ìfẹ́dayọ̀ tàn wàì níwájú mi. Ó gbé e sókè, ó ń ya fíìmù. Mo fọwọ́ kàn án léjìká.

“Ìfẹ́dayọ̀, pa iná yẹn. O kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ni?”

“Àǹtí Rónkẹ́, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Díẹ̀ ni mo fẹ́ yà.”

Ó pòṣé. Sí èmi tí mo rán aṣọ ìrìbọmi rẹ̀! Mo gbọ́ tí òun àti Gift ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

“Kí ni kí n kọ sí i? Kí n kọ pé a wà níbi fíìmù?”

“Ta ló máa ṣí ìyẹn?” ni Gift wí. “Kọ nǹkan tó máa já wọn láyà.”

Ìfẹ́dayọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé, *Ó dìgbóṣe, Màmúdù wa. Ikú ṣìkà*, ó fi ojú tó ń sunkún sí i, ó sì gbé e sórí státọ́ọ̀sì.

Kò pẹ́ rárá tí bàbá fi jí lójú oorun nínú fíìmù, tó rí i pé àlá lásán ni. Gbogbo èèyàn mí kanlẹ̀. Bàbá arúgbó kan lẹ́yìn mi tiẹ̀ ní, “Ọpẹ́ o!” Ìfẹ́dayọ̀ kò rí ìyẹn. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ń ka èsì. Èmi náà rí i láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, “Yéè! Ṣé lóòótọ́?” Ẹlòmíràn kọ “Ìnnà lílláhì.” Ọ̀dọ́mọbìnrin yìí kò dáhùn ọ̀kan nínú wọn. Ó kàn ń fi igbọ̀nwọ́ gún Gift, ó ń sọ pé, “Wò ó, wọ́n ti ń ṣí i! Jẹ́ kí wọ́n sunkún díẹ̀.”

Ọ̀kan lára àwọn tó ṣí i ni Abdulrasheed, àbúrò ìyá Màmúdù ní Ìtapàjí. Ó rí ojú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú aṣọ òkú. Ó rí Àfáà Bàsítì, ẹni tí kì í bá òkú ṣeré, tó dúró níwájú. Ó pe Màmúdù, fóònù rẹ̀ ti kú. Ó pe Àfáà, bákan náà. Ó pe Olúdáre, kò wọlé. Àwọn tó ṣe ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n pa fóònù wọn, ìyẹn ló sì wá fi ìdí irọ́ ọmọ yìí múlẹ̀. Ó pe Ìfẹ́dayọ̀ fúnra rẹ̀ léraléra. Ìró fóònù ti pa, ẹni tó ni ín kò sì dá ìpè náà lóhùn, iye ẹni tó ṣí i ló ń kà.

Abdulrasheed kò lè pa á mọ́ra, ó figbe ta nílé. Ìyá Màmúdù ń ya àgbàdo lórí òkìtì lẹ́yìnkùlé. Ó sáré wọlé, wọ́n sọ fún un, ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Àwọn kan gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Abdulrasheed àti àwọn mọ̀lẹ́bí yòókù wọ ọkọ̀, wọ́n forí lé Ìkọ̀lé, kí wọ́n lè bá ìsìnkú. Ẹ sáà mọ̀ pé òkú Mùsùlùmí kì í dúró. Nígbà tí wọ́n dé ilé Àfáà, àwọn ọmọ rẹ̀ ní ó wà ní ilé fíìmù.

Ní gbogbo àkókò yìí, fíìmù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Bàbá ti rí ọmọ rẹ̀ létí omi. Màmúdù yíjú sí bàbá rẹ̀, ó la ẹnu, gbogbo ilé sì dákẹ́. Mo ti gbọ́ pé ilé máa ń dákẹ́, n kò rí irú èyí rí. Ọlọ́sàn tó ń polówó níta nìkan ni à ń gbọ́. Mo wo Àǹtí Ọláṣùmbọ̀, mo rí i tó fara síwájú lórí àga.

“Bàbá,” ni Màmúdù wí.

Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà.

“Ibo lẹ gbé e sí? Ibo lẹ gbé ọmọ wa sí?”

Àwọn obìnrin wọlé, wọ́n ká ọwọ́ lérí, wọ́n ń sunkún. Abdulrasheed rí Màmúdù gbàgàdà lára aṣọ tí wọ́n ta síwájú, tó ń sọ̀rọ̀, kò tiẹ̀ yé e mọ́. Èèyàn ń dìde, àga ń ṣubú, àwọn kan sá gba fèrèsé. Olúdáre tan iná. Màmúdù fúnra rẹ̀ dìde láti ìlà iwájú.

“Bọ̀ọ̀dá Abdulrasheed, kí ló dé? Èmi rèé!”

Ọkùnrin náà gbá a mú, ó ń fọwọ́ pa á lórí àti lápá, bí ẹni tó ń ra ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Màmúdù kò dúró gbọ́ parí, ó ti wà nínú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó wo ìyókù fíìmù lọ́jọ́ náà. Àǹtí Ọláṣùmbọ̀ dúró pẹ́ díẹ̀ láàárín àwọn àga tó dojú bolẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a tún un fi hàn yín,” ni Olúdáre bẹ̀ ẹ́.

“Olúdáre, ohun tí mo wá wò kò sí nínú fíìmù,” ni ó wí. Ó sì padà sí Adó.

Ìyá Màmúdù kò kú, a dúpẹ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ru, ọwọ́ rẹ̀ sì dá níbi tó ṣubú sí. Màmúdù fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ ń bá a kó àgbàdo. Àǹtí Ọláṣùmbọ̀ tún ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀kan pé kó wá, ìyá rẹ̀ ní láéláé. Wọ́n mú ọmọkùnrin mìíràn láti Ìdó.

Nígbà tí gbogbo ìlú ti mọ ẹni tó ṣe é, ìyá Ìfẹ́dayọ̀ ní kí n bá òun mú un lọ tọrọ àforíjì ní Ìtapàjí. Mo lọ, mi ò purọ́, torí mo fẹ́ rí i lórí ìkúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́, ó ń sunkún, Abdulrasheed kò tiẹ̀ wo ibi tó wà. Ìyá Màmúdù jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú báńdéèjì. Ó wò ó títí.

“N kò ní bú ọ,” ni ó wí. “Ukú tí o gbé wá sí ulé mi ti kọjá lọ. Ohun kan ni n ó bi ọ́. Ìwọ tí o wà níbẹ̀, kí ni ọmọ mi ṣe nínú fíìmù náà? Kí ni ó sọ?”

Ìfẹ́dayọ̀ wo ìyá rẹ̀, ó wo èmi. Kí ni kí n sọ fún un? Iwájú mi ló jókòó sí, ojú rẹ̀ méjèèjì sì là. Kò mọ̀ pé àlá ni. Kò mọ̀ pé ọmọ náà wà láàyè nínú fíìmù. Òkú nìkan ló rí.

“O kò wò ó,” ni ìyá wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Màmúdù, sọ ọ́ kí n gbọ́.”

Màmúdù dìde. Ojú ń tì í díẹ̀. “Bàbá,” ni ó bẹ̀rẹ̀, “ẹ kò tíì pàdánù mi. Ẹ kàn...”

Fóònù ké nínú báàgì Ìfẹ́dayọ̀.

Orin kan báyìí ni, aláriwo. Gbogbo wa wò ó. Ojú tì mí fún ìyá tó bí i. Ìfẹ́dayọ̀ wá a nínú báàgì, nígbà tó sì rí i, ó pa á, ó pa á pátápátá, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí fóònù náà ní òkùnkùn.

Màmúdù tún un bẹ̀rẹ̀. “Bàbá, ẹ kò tíì pàdánù mi. Ẹ kàn kọ̀ láti wò mí ni. Ẹ gbójú sókè, ẹ wò mí dáadáa, ẹ ó rí i pé mo wà níbí.”

Yàrá náà pa rọ́rọ́. Omijé ń bọ́ lójú ìyá rẹ̀. Ìfẹ́dayọ̀ gbójú sókè, ó sì wò ó.

Ó ti pẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó mú ọmọ yẹn dé Adó, àwa díẹ̀ tó wà ní yàrá ìyá rẹ̀ nìkan ló gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á, bí wọ́n bá ní kí ẹ pa fóònù, ẹ pa á. Bí ẹ bá jókòó síbi tí ẹnì kan ti ń fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣe nǹkan, ẹ wò ó. Ẹ má sì pa èèyàn lórí fóònù nítorí kí èèyàn lè ṣí státọ́ọ̀sì yín. Bí ẹ kò bá lè ṣe èyí, ẹ jókòó sílé yín, kí àwa tó kù lè ráyè wòran.